Owó Tí A Kò Tíì Ná Rí

Orí tábìlì ìdáná Tete Revai, arábìnrin bàbá rẹ̀, ní Chitungwiza ni Garikai tẹ́ owó náà sí, tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Owó àtijọ́ ló ń ṣà jọ, tó ń tà fún àwọn òyìnbó lórí fóònù. Inú ìwé orin ọkọ Tete tó ti kú ni wọ́n ti rí èyí: ọgọ́rùn-ún tírílíọ̀nù dọ́là, bébà kan ṣoṣo, láti ìgbà tí owó ìlú wọn di yẹpẹrẹ. Oníbàárà kan ti ṣèlérí owó gidi lé e lórí, èyí tí Tete lè fi ra ìyẹ̀fun àgbàdo tí yóò máa fi ro sadza títí òtútù yóò fi kọjá. Ìyẹ̀fun inú àpò rẹ̀ sì ti kù ṣín-ún.

Garikai ń ka ohun tó ń kọ sí oníbàárà náà jáde: àpáta mẹ́ta tó gun ara wọn níwájú, ẹfọ̀n àti omi tó ń já láti òkè lẹ́yìn. Tete ń mi orí, inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó dé ìparí.

"Ó mọ́ tónítóní. A kò tíì ná an rí."

"Ta ni kò ná an?"

"Tete, bí àwọn tó ń ra owó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Òun ló jẹ́ kó wọ́n."

Tete nàka sí owó náà. Ó ní ìdí iṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ òun ti lo agbára rẹ̀ tán, bébà yìí ni wọ́n sì fi san án. Ó tẹ́ ẹ sínú ìwé orin kó má baà ká, ó lọ tò fún búrẹ́dì. Kó tó kàn án, ọlọ́jà ti pa iye tó kọ rẹ́, ó ti kọ òmíràn tí bébà yìí kò lè tó. Bó ṣe gbé e lọ náà ló gbé e bọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú òun ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ni àwọn kan wá ń pè ní mímọ́ tónítóní.

"Kọ ìyẹn síbẹ̀," ni Tete wí.

Garikai rẹ́rìn-ín. "Ẹnu dùn-ún rò'fọ́, Tete mi. Sadza ńkọ́?"

Ẹ̀rín yẹn ló dá a sílẹ̀. Tete mú owó náà lórí tábìlì, ó ká a sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó ká, ó tún ká a sí mẹ́rin. Garikai nawọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ẹ ti bà á jẹ́. Ọkùnrin yẹn ò ní gbà á mọ́."

"Òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀ ọ́," ni Tete wí.