Ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Afẹ́fẹ́ Mímọ́ Dáná

Bí ẹ bá rí Mùyídéènì láàárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ ó rò pé òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo Òṣogbo. Ó wọ pólò aláwọ̀ ewé, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lábẹ́ kánópì bí ẹni tí ilẹ̀ ò gbà. Wọ́n kọ ÀDÚGBÒ WA, AFẸ́FẸ́ MÍMỌ́ sí i láyà. Èyí tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn ni ó fẹ́ràn jù: ALÁGA. Ìdí nìyẹn tí kò fi jókòó. Bó bá fẹ̀yìn ti àga, ta ni yóò rí i kà?

Táyà àlòkù ni ó ń tà ní Alekuwodo. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ohun tó tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ dáa. Munawwarah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ikọ́ fée. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sun pàǹtí nítòsí, àyà ọmọ náà á máa han, ọrùn rẹ̀ á máa wọlé, á máa wá èémí kiri bí ẹni tó sọ owó nù. Bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wọn, kò sílé tí kì í sun pàǹtí. Bí obìnrin bá gbálẹ̀ tí kò ṣáná sí ohun tó gbá, lójú tiwọn, kò tíì gbálẹ̀. Ọkàn Mùyídéènì ò gbé e mọ́. Ó lọ bá Jibril, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà ní ìkejì tirẹ̀. Wọ́n pèpàdé, Mùyídéènì di alága, Jibril di akọ̀wé, wọ́n sì ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sun pàǹtí lójúlé rẹ̀ mọ́. Ìbá dáa, ká ní wọ́n dúró níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni kí pàǹtí gbà? Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ àdúgbò wọn. Jibril ní kí gbogbo ilé máa kó tiwọn wá sí ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ilé Alága, Alága sì gbà, ó ní olórí ló ń rubọ. Kò pẹ́ tí òkìtì fi ga ju ògiri lọ: ọ̀rá, ike, pámpáàsì, bàtà tó já, tìmùtìmù tí ọmọ ti tọ̀ sí títí tó fi jẹrà. Ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wá dé tán, àlejò ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, òkìtì ṣì wà nílẹ̀ gbàgìdì. Ni ọpọlọ àwọn àgbàlagbà yìí bá ṣiṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sun ún lójú àlejò," ni Jibril wí nípàdé. "Gbogbo èéfín àdúgbò á ti pé síbì kan, á sì tán lọ́jọ́ kan. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sápá Igbó Ọ̀ṣun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣíọ̀! Nínú gbogbo irùngbọ̀n funfun tó jókòó síbẹ̀, ẹnìkan ò bèèrè pé ta ló bá afẹ́fẹ́ ṣàdéhùn.

Sikirat, ìyàwó Mùyídéènì, ló bèèrè nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé. "Bàbá Munawwarah, ṣé ara yín yá báyìí? Ẹ̀yìn fèrèsé ọmọ yìí ni òkìtì yẹn wà!"

"Ọjọ́ kan péré ni. Ti fèrèsé pa."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o."

"Ìwọ náà ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ètò," ni Alága dá a lóhùn, ó sì lọ lọ pólò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, àlejò pẹ́ kó tó dé. Òjò sì ti rọ̀ sórí òkìtì lóru. Wọ́n ṣáná sí i, iná kú. Wọ́n tún ṣá a, ó tún kú. Àlejò ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ojú Alága gbẹ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ò lè mí ṣe: ó sáré dé yàrá tó ń kó ọjà sí, ó yí àwọn táyà tí kò tà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí òkìtì, ó da pẹtiróòlù lé e.

Iná sọ gbòlà! Àwọn èèyàn hó yèè, fóònù ń yàwòrán. Èéfín dúdú gòkè, ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó wá yíjú padà, ó gba ilé Alága lọ tààrà. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu.

Jibril ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága nínú gbohùngbohùn nígbà tí Sikirat já jáde láìwọ bàtà, tó gbé Munawwarah lé èjìká. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú bí aró. Ó la àárín àwọn àlejò kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni, ó bọ́ sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù.

Mùyídéènì fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn. Ó fẹ́ o. Ṣùgbọ́n àlejò di ọwọ́ rẹ̀ mú fún fọ́tò, ó sì dúró.

Nígbà tó dé ọsibítù, ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e. Jibril gbé bánà dání, ó ní ó yẹ kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ tí àwọn ń tìtorí rẹ̀ jà. Ojú ò ti í! Wọ́n ti fi ẹ̀rọ bo imú Munawwarah, èémí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Inú Mùyídéènì dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e mọ́ra. Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀, ikọ́ gbé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti bàbá rẹ̀ láyà.

"Bàbá, ẹ jáde!" ni nọ́ọ̀sì kígbe. "Èéfín ló kún aṣọ yín. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Sikirat ò gbóhùn sókè. "Ẹ lọ paná yín. Kí ẹ sì bá wa mú aṣọ kan wá, èyí tí kò rùn. Wọ́n ní ká bọ́ tara rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, Mùyídéènì ní kí àwọn jọ lọ paná. Jibril rántí pé nikáì kan ń dúró de òun. Orúnkún ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó ku òun nìkan.

Ó pọnmi títí. Bó bá ti da omi lé e, èéfín á tún nípọn sí i. Fèrèsé kan là wàá, Jibril tó ní òun lọ nikáì yọrí. "Ta ló ń fín wa bí ẹja yẹn? Ṣé a ò ti ṣòfin ni?" Ó rí i pé Alága ni. "Háà, ẹ̀yin ni? Ẹ rọra ṣe é, aṣọ wa wà lórí okùn." Ó pa fèrèsé dé.

Mùyídéènì sọ garawa sílẹ̀, ó wọlé lọ wá aṣọ ọmọ. Ó gbé yunifọ́ọ̀mù símú: táyà. Hìjáábù ilé-kéwú: táyà. Ó fa ọ̀rá tí wọ́n fi we aṣọ Iléyá ya, ó gbóòórùn òun náà. Bóyá ara òun ló ń rùn. Ó bọ́ pólò sọnù, ó fi ọṣẹ wẹ̀ títí awọ ń ta á, ó tún gbé aṣọ Iléyá símú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, ó bú sẹ́kún.

Fóònù dún. Sikirat ni. "Ẹ ti rí i?"

"Gbogbo rẹ̀ ló ń rùn."

"Mo mọ̀. Bí wọ́n bá dá wa sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi n'Iléṣà la ń lọ. Ẹ má wá gbé wa."

"Títí di ìgbà wo, Ìyá Munawwarah?"

"Ẹ bi táyà yín."