Ọ̀rọ̀ Kàfí Lára Pátákó

"Ìyá Tawfiq, ta ló ní kí o kọ irú èyí?"

Saadat ò tiẹ̀ wojú Kàfí bó ṣe ń bi í. Pátákó ló ń wò, pátákó gíga tí wọ́n fi yí ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Woolwich nílùú òyìnbó ká, ilé alájà mẹ́rìnlélógún tí àwọn olówó fẹ́ máa gbé. Wọ́n ya àwòrán ilé náà sára pátákó bí yóò ṣe rí bó bá parí, tòun ti òdòdó àti ajá funfun kan. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé: "Ẹ ṣeun gan-an fún iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń ṣe. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́." Ẹni tó sọ ọ́, wọ́n ní Kafayat ni, ará Thamesmead.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni," ni Kàfí wí. "Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ni mo..."

"Ó ti tó." Saadat fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ẹ ti bá wa ṣe é."

Ẹ gbọ́ "ẹ" yẹn o! Ó ti tó ogún ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní ìwọ. Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀wọ̀ báni sọ̀rọ̀, kí èèyàn yáa mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Saadat kọrí sí ọ̀nà Powis Street, kò sì wẹ̀yìn.

Nǹkan tó fa gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ǹṣì lọ. Kí wọ́n tó fi pátákó yí ibẹ̀ ká, bẹ́ǹṣì onígi gígùn kan wà lábẹ́ igi níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí Kàfí àti Gafar ọkọ rẹ̀ bá ti kírun tán, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n á máa wo èèyàn. Nígbà tí Gafar kú, ọdún mẹ́rin rèé, Saadat ló fà á jáde nílé pé kó wá jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin mìíràn ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé, ẹni tó ra ọjà bọ̀, gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á rojọ́ ọmọ, wọ́n á rojọ́ orúnkún.

Ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé náà kọ́kọ́ ṣèlérí. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ilé yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu, bẹ́ǹṣì mẹ́fà yóò sì wà lábẹ́ òrùlé fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Inú ìlú dùn sí i. Àfi bí wọ́n ṣe yí àwòrán padà lọ́dún yìí. Kò sí bẹ́ǹṣì mọ́. Ibẹ̀ yóò di ibi tí àwọn onílé á ti máa ṣe eré ìdárayá, géètì tí nọ́ńbà àṣírí ń ṣí ni wọ́n á sì fi tì í. Ni ìlú bá gbiná. Àwọn kan ní ilé náà ti dà bí àpótí fíríìjì, àwọn kan ní òjìji rẹ̀ ni yóò bo ọgbà àwọn. Saadat ní tirẹ̀ gba ìbuwọ́lùwé àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí jọ, nítorí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyípadà náà kó tó lè ṣeé ṣe.

Ilé-iṣẹ́ wá pe aráàlú sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n po tíì, wọ́n kó bísíkíìtì kalẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀ sórí káàdì. Kàfí mu tíì wọn. Ta wá ni yóò mu tíì onílé tán, tí yóò kàn fa ẹjọ́ yọ? Ìyá tó bí Kàfí ní Ìjẹ̀bú kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó kí wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ṣàdúrà fún wọn. Nígbà tó máa fi ṣe ìyẹn tán, iwájú káàdì ti kún. Ó bá yí i sẹ́yìn, ó sì kọ ẹjọ́ rẹ̀ síbẹ̀ wínníwínní, gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì látòkèdélẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn káàdì yẹn ni kò sí lára pátákó.

Kàfí pe Saadat nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ náà, kò gbé e. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kò gbọ́ ọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú group àwọn obìnrin. Ní Jímọ́ọ̀, nínú mọ́ṣáláṣí, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ṣófo títí wọ́n fi kírun tán. Ẹnìkan sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé àwọn olówó ti ra àwọn kan.

Ilé rẹ̀ ní Thamesmead North, yàrá mẹ́ta ni, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Tawfiq ọmọ rẹ̀ wà ní Aberdeen lọ́nà jíjìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ Sunday ló máa ń pe ìyá rẹ̀, ó sì pè é.

"Mummy, ẹ má da ara yín láàmú. Bẹ́ǹṣì lásán ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Bẹ́ǹṣì lásán ni."

Ó se ẹ̀wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó ń bù ú ló tó rí i pé òun se é fún ẹni méjì. Ó tan tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin tó fẹ́ ka ìròyìn kí àwọn òǹwòran kú ìrọ̀lẹ́, Kàfí sì dá a lóhùn. Ó dá a lóhùn tọkàntọkàn, ó tún bi í léèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í nínú ilé ara rẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀.

Láàárọ̀ Monday, ó gba ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin oní-táì ló bá níbẹ̀. Enoch lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ ìlú yìí ni wọ́n bí i sí.

"Mummy, good morning. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Ẹ̀yìn káàdì mi dà?"

Enoch wo ilẹ̀. "Front nìkan ni wọ́n scan. Wọ́n ti kó tìẹ mọ́ àwọn tó like design yẹn."

"Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣé o kà á?"

"Mo kà á."

"Tiwájú tẹ̀yìn?"

"Tiwájú tẹ̀yìn, Mummy."

"Ìyá rẹ ò kọ́ ọ pé ìkíni ló ń ṣáájú ẹjọ́?"

"Ó kọ́ mi." Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Mummy, gbọ́. Meeting káńsù wà lọ́la, six o'clock, lórí design yìí. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ̀rọ̀, but orúkọ ẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀sán tó pọ́n lónìí. Three minutes ni wọ́n máa fún ẹ. Tó bá ti pé, wọ́n á pa mic." Ó kọ nọ́ńbà káńsù sórí ìwé pélébé, ó nà án sí i. "Mummy, jọ̀ọ́, má kí wọn."

Ní ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn káńsù kún. Kàfí rí ẹ̀yìn orí Saadat níwájú, ó rí àwọn obìnrin yòókù, ó wá jókòó síbi ọwọ́ ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí alága nawọ́ sí i pé ó kàn án, àwọn obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ẹnìkan sì pòṣé. Ó dìde, ó rìn dé ìdí maikirofóònù. Ìkíni ti dé ẹnu rẹ̀. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú làálàá ìlú, gbogbo wọn tò sórí ahọ́n. Ó gbé wọn mì.

"Irọ́ ni pátákó yẹn ń pa mọ́ mi," ló sọ. Gẹ̀ẹ́sì tó fi tọ́jú àwọn arúgbó ìlú yìí fún ọdún méjìdínlógún náà ló fi sọ ọ́. "Iwájú káàdì mi nìkan ni wọ́n kà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé mi ò fẹ́ àyípadà yìí. Ẹ dá bẹ́ǹṣì padà. Orí bẹ́ǹṣì yẹn lèmi àti ọkọ mi ti ń jókòó. Nígbà tó kú, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń rí mi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, kò sí ẹni tó fi ẹnu pe orúkọ mi ní ìlú yìí. Pátákó nìkan ló ń pè é."

Alága ní ó ṣì ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

"Mo ti sọ tán."

Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu Kàfí ń yún un láti fèsì, kò fèsì. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni tó jáde síta láìborí.

Wọn ò dìbò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ lọ tún àwòrán náà gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kàfí kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ó rọra ń rìn nítorí orúnkún, nígbà tó sì fi máa dé ibùdókọ̀, Saadat ti jókòó síbẹ̀, lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìjókòó. Kàfí dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ìyá Tawfiq."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"O ò kí wọn."

"Mi ò kí wọn."

"Àgbàlagbà bíi tìẹ! O kàn dìde, o sì la ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lórí." Saadat mi orí. "Wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Maikirofóònù ò ní ẹ̀yìn tí mo lè kọ nǹkan sí," ni Kàfí wí.

Saadat fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi sétí, Kàfí sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ń bẹ̀bẹ̀. Saadat gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sún fún un.

Kàfí jókòó. Irin náà tutù. Bọ́ọ̀sì Saadat dé, ó ṣílẹ̀kùn, dírẹ́bà wo àwọn méjèèjì, ó dúró díẹ̀. Saadat ò dìde.