Ọta Tó Wà Lọ́fun Ìbọn

Doyle fa irin ẹ̀yìn ìbọn náà sẹ́yìn, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, irin gbá irin, ọta kan sì bọ́ sí ọ̀fun ìbọn bí àlejò tó wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ó ki ìbọn náà bọ inú àpò awọ rẹ̀, ó sì tì í síwájú àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹyin tí kò tíì jẹ tán.

"Ó ti wà níbẹ̀," ó wí. "Kò kù ju kí o fà á lọ."

Verlene kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó lé lógún ọdún tó fi dúró nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ, tó ń fi ọ̀bẹ ya ẹran kúrò lára egungun nínú òtútù, tí ọ̀kan kì í tíì kọjá kí òmíràn tó dé. Nígbà tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé, làkúrègbé ti ká àwọn ìka rẹ̀ kò bíi gbòǹgbò igi. Kò lè ṣí ìgò jáàmù. Kò lè de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Irin ẹ̀yìn ìbọn yìí, ó ti gbìyànjú rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, irin náà kò mì.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ mu kọfí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé epo. Láti ìgbà tí Kendra ti sá kúrò nílé Brice ọkọ rẹ̀, tó wá sá di ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Doyle á fi ọta sọ́fun ìbọn láàárọ̀, á sì yà yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Verlene á máa gbé ohun tí kò lè fi síbẹ̀, tí kò sì lè yọ kúrò, kiri nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́, ańkù," Kendra wí láti ibi tó ti ń fọ abọ́. "Ẹ jẹ́ kó wà nínú èèkù pẹ̀lú àwọn ọta yòókù. Abọ́ méjì ti já bọ́ lọ́wọ́ Màmá láàárọ̀ yìí. Ṣé ìbọn lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìkẹta?"

"Abọ́ kì í gba ẹ̀mí là."

"Kì í sì í gbẹ̀mí ẹnikẹ́ni."

Doyle rẹ́rìn-ín. "Verlene, gbọ́ ẹnu ọmọ ẹ. Ó mà mú o. Ibo lẹnu yẹn wà nígbà tí Brice ń gbá orí ẹ mọ́ ilẹ̀kùn fìríìjì?"

Ọ̀rọ̀ náà kan Doyle fúnra rẹ̀ lára. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dìde, ó sì fọwọ́ kan èjìká Kendra bó ti ń kọjá. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Rántí Lurlene," ó wí fún àbúrò rẹ̀, ó sì jáde.

Ta ni yóò gbàgbé Lurlene? Ẹ̀gbẹ́ Verlene ló ń dúró sí nílé iṣẹ́ adìyẹ. Ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀ ló lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ìbọn wà lọ́wọ́ Lurlene lọ́jọ́ náà, ọta sì kún inú èèkù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọta sọ́fun ìbọn, ọwọ́ méjì ló máa lò, ọkùnrin náà sì ti di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Verlene wà lára àwọn obìnrin ìjọ tó lọ fọ ẹnu ọ̀nà náà. Ẹyin tó fọ́ àti wàrà tó dà sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbá.

Ṣùgbọ́n òkú kan kọ́ ni Verlene ń rántí. Ó ń rántí Wendell Pruitt náà, ẹni tó máa ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wendell kì í fi ọ̀fun ìbọn sílẹ̀ lófìfo. Níbi tó ti ń ki ìbọn bọ ìgbànú lọ́jọ́ kan, okùn ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa ìbọn, ìbọn sì dún. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Verlene ń gbé òkú méjì yìí lé òṣùwọ̀n, èkíní kò wúwo ju èkejì lọ.

Ó dìde lọ wẹ̀. Nígbà tó jáde, Kendra ti wọ ẹ̀wù tó máa wọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ilé ìdáná ti mọ́ tónítóní, àpamọ́wọ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Verlene wọ̀n ọ́n wò díẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ìbọn wà níbẹ̀.

Kendra ló wakọ̀. Yìnyín ti yọ́ lójú ọ̀nà, ó di ẹrẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ilé gbọọrọ tí wọ́n ti ń sin adìyẹ tò tẹ̀lé ara wọn títí dé etí igbó.

"Màmá," Kendra wí, "tí adájọ́ bá fún mi níwèé pé Brice ò gbọdọ̀ sún mọ́ mi mọ́, kí lẹ rò pé ó máa fi ìwé yẹn ṣe?"

"Á kà á."

"Á kà á lóòótọ́. Á wá gbé mọ́tò. Ó ti sọ fún mi. Ó ní ilé yín lòun máa kọ́kọ́ dé."

Verlene fọwọ́ lu àpamọ́wọ́ tó wà lórí itan rẹ̀. "Jẹ́ kó wá. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá."

Kendra wo àpamọ́wọ́ náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì yí ojú padà sọ́nà. Ó wakọ̀ lọ títí wọ́n fi dé ilé ẹjọ́.

Wọn kì í gbé ìbọn wọ ilé ẹjọ́. Verlene gbé e sínú àpótí iwájú ọkọ̀, ó tì í, wọ́n sì gba àárín ẹ̀rọ tó ń yẹ ara èèyàn wò kọjá. Brice ti wà níbẹ̀. Ó gé irun, ó fá irùngbọ̀n, bàtà rẹ̀ ń dán. Ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ náà á fún un lọ́mọ fẹ́.

Nígbà tí wọ́n pe Kendra, ó dìde. Adájọ́, obìnrin kan tó ti hewú, ní kó sọ ohun tó bá wá.

"Mo fẹ́ fa ẹ̀bẹ̀ mi padà, mà."

Verlene rò pé etí òun ló ń ṣe òun.

"Ṣé ẹnì kan fipá mú ẹ?" adájọ́ bi í.

"Rárá, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé tí o bá fà á padà, kò sí ohun tí ilé ẹjọ́ yìí lè ṣe fún ẹ lónìí?"

"Mo mọ̀, mà."

Adájọ́ wò ó pẹ́, bí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí tí kò sì ní oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ó tán. Brice kò gbójú sókè. Bàtà rẹ̀ ló ń wò, bí ọmọ dáadáa.

Verlene kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó jáde sínú òtútù, etí rẹ̀ ń hó. Ó ti rò pé ilẹ̀kùn ilé òun lòun ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ̀ pé láti inú ni wọ́n máa ṣí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó dé ìdí ọkọ̀. Ó jà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kó tó lè ṣí àpótí iwájú, ó mú ìbọn náà jáde kúrò nínú awọ rẹ̀, ó sì kì í bọ inú àpamọ́wọ́. Nígbà tó nàró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpamọ́wọ́ náà.

Àwọn méjèèjì ń bọ̀. Kendra wà níwájú, Brice tẹ̀ lé e.

"Mọ́mì, ẹ kú òtútù o," Brice wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá síwájú ìjọba."

"Má sún mọ́ mi."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan kan fún ìyàwó mi, ká máa lọ."

Ó sì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, lábẹ́ apá òsì.

Verlene kò rò ó. Bóyá ká sọ pé ó ti rò ó tán láti ọjọ́ pípẹ́, tó jẹ́ pé ìka ló kù kó gbọ́. Ó dojú àpamọ́wọ́ kọ àyà ọkùnrin náà, ó sì fa ìbọn.

Kẹ́.

Ìró kékeré ni, bíi ti ẹni tó ṣẹ́ igi ìṣáná. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lójú títì lásìkò náà, Brice kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà níbẹ̀, lórí òrùka tó ní ẹja onírin kékeré tí Kendra rà níjọ́sí. Ó gbé e dání bí ẹni tó ń fi oúnjẹ tan ẹran.

"Mo rí i lórí fìríìjì," ó wí fún Kendra. "Ibi tí o jù ú sí."

Kendra gba kọ́kọ́rọ́ náà, ṣùgbọ́n kò wò ó. Àpamọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí nǹkan bá lójijì. Ojú ẹni tó ti ń retí nǹkan ni, tí nǹkan náà sì dé.

Ó wá di mọ́ ìyá rẹ̀. Àpamọ́wọ́ náà wà láàárín wọn.

"Ẹ rọra wakọ̀," ó wí sí i létí. "Mo ti tún ilé ìdáná ṣe fún yín."

"Kendra."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀, á jẹ́ pé kò sí lọ́dọ̀ yín."

Ó gun ọkọ̀ Brice. Brice juwọ́ sí Verlene láti ojú fèrèsé. Verlene dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi yà ní ẹ̀gbẹ́ báńkì tí kò rí i mọ́.

Kò mọ bó ṣe wakọ̀ délé. Ó jókòó sílé ìdáná pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ronú pé kí òun se kọfí. Ó mú ìgò kọfí, ó fi apá fún un mọ́ra bó ti máa ń ṣe kó lè fi gbogbo ara yí ìdérí.

Ìdérí náà yí lọ́wọ́ kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ó gbé ìgò náà kalẹ̀. Ó fọwọ́ kan ti jáàmù, ó yí. Ó kan ti ẹ̀pà lílọ̀, ó yí. Ó ṣí fìríìjì: ìgò kùkúḿbà kíkan, ìgò wàrà, ìgò ata, gbogbo wọn ni wọ́n ti tú, tí wọ́n sì rọra gbé ìdérí lé padà. Ó lọ síbi oògùn rẹ̀. Àwọn náà ti di títú. Ọmọ tó máa padà wá jẹun alẹ́ kì í ṣe báyẹn. Àárọ̀ ni Kendra ṣe èyí, nígbà tí òun ń wẹ̀, kí adájọ́ tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Inú ife kọfí tí Verlene ń lò lójoojúmọ́ ni ọta náà wà. Ó nàró síbẹ̀, ó mọ́, ó tutù.

Nígbà tí Doyle dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti gbọ́ ní ilé epo. Ó bọ́ fìlà, ó mú ìbọn nínú àpamọ́wọ́, ó yọ àpò ọta kúrò nínú èèkù, ó sì fa irin ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó bọ́ jáde. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó tún fà á.

"Ta ló yọ ọ́?"

Verlene nawọ́ sí ife.

Doyle wo ife náà, ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ yìí á pa ẹ́. O mọ̀ pé ó lè pa ẹ́? Ká ní Brice ṣe nǹkan lónìí, kí lo máa fi bá a jà?" Ó mú ọta náà sáàárín ìka. "Jẹ́ kí n fi sí i padà. Tí ọmọ ẹ ò bá sí ńlẹ̀, ọkùnrin yẹn ṣì mọ ọ̀nà ibí. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò lágbára ló yẹ kí ọta ti wà níbẹ̀ fún."

Verlene wo ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wọ́, oríkèé rẹ̀ wú, èékánná rẹ̀ ti dúdú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ìka náà ti ń kọ gbogbo ohun tó bá rán an: bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́, ìdérí ìgò. Lónìí, kò kọ̀. Kò dùn ún rárá. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó fi ìka náà ṣe láti ọdún yìí wá, fífa ìbọn yẹn ló rọrùn jù.

"Bùrọ̀dá," ó wí, "ẹ fi í sínú ife yẹn."

"Verlene."

"Ẹ fi í síbẹ̀."

Doyle fi í síbẹ̀, ó mi orí. Nítorí pé kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe, ó gbé ìgò jáàmù tó wà níwájú rẹ̀, ó rí i pé ìdérí rẹ̀ kò dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Ẹ má dì í," Verlene wí.

Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ìdérí náà má bàa yí.