Ìdákẹ́ Títí di Ọ̀sán

Kí n kúkú fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo gbé fóònù ọmọ mi sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Mo pa ohùn rẹ̀, mo fi ṣòkòtò kan wé e, mo tún fi yẹ̀rì ara mi lé e lórí, yẹ̀rì tó gbòòrò débi pé ó lè bo mọ́tò. Mo wá jókòó sílé ìdáná, mo ń mu tíì, mo ń yin ara mi pé ìyá bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.

"Màámi, fóònù mi dà?"

Ó ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lánàá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí oyin ta.

"Fóònù wo? Wá jókòó, kí o jẹun. Ìpàdé ni lánàá, ìpàdé ni níjẹta, àárọ̀ yìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. O sùn, o sì ń hanrun bíi bàbá rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Kí laago wí?"

"Ọ̀sán ti pọ́n díẹ̀."

Ó pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń wo abẹ́ àga, ó ń wo abẹ́ ibùsùn. Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ bá mi bi ara mi léèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu júwe apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ó fa yẹ̀rì mi jáde, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Mo fẹ́ sọ fún un pé yẹ̀rì ò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ nígbà tí mo rí bó ṣe ń tú ṣòkòtò náà kúrò lára fóònù, mo gbé àwàdà náà mì.

Iṣẹ́ ọmọ mi ni kó máa jókòó nídìí orúkọ orílẹ̀-èdè wa nínú ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé. Ọ̀gá rẹ̀ ni aṣojú gan-an, ṣùgbọ́n èmi ti sọ òun náà ní Aṣojú, mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo wá bá a gbé fúngbà díẹ̀ ni. Mo ti rò pé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò ju kí wọ́n jẹ bisikíìtì kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo fóònù. "Ọ̀gá pè mí. Ó pè mí títí."

"Kó tún pè. Ṣé fóònù ti tán láyé ni?"

"Màámi, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe."

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá jágbe padà. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ìdílé wa nìyẹn.

"Aṣojú, là mí lóye."

"Bí a bá ti jiyàn lórí ìwé ìpinnu títí tó sú wa, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n á ní kí ẹni tí kò bá gbà kọ̀wé kó tó di ọ̀sán. Bí ọ̀sán bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé, gbogbo wa ti gbà nìyẹn."

"Ẹni tó dákẹ́ ló gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo ni tèyí? Bí mo bá dákẹ́ fún bàbá rẹ, àwo tí n ó sọ lù ú ni mò ń wá." Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn àgbà ò sọ pé tìlú onílùú náà á bá a lọ."

"Tìlú onílùú ló bá a lọ lónìí, Màámi."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń pe ìgbìmọ̀ wọn ní ilé ọ̀rọ̀ lásán: wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á dìbò, wọ́n á ti ìwé sínú dúrọ́ọ̀. Ni àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké bá fi ìpínrọ̀ kan sínú ìwé tuntun: níbi tí ogun bá ti ń jà, tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára bíi mélòó kan sì ń dí ara wọn lọ́wọ́ nínú ìgbìmọ̀ kékeré tiwọn, kí gbogbo ìgbìmọ̀ pé jọ kíá, kí wọ́n ṣe ìpinnu, kí ẹni tó bá sì tàpá sí i wá dúró síwájú gbogbo ayé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà dé láàárọ̀, ìpínrọ̀ yẹn ti pòórá. Àwọn alágbára ti ha á kúrò bí èèyàn ṣe ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Inú bàálù ni Ọ̀gá wà nígbà náà. Mi ò lè kọ̀wé bí òun ò bá fọwọ́ sí i. Ó ní tí òun bá ti balẹ̀ òun á pè mí."

"Ó sì pè."

"Ó sì pè. Ó fohùn sílẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́."

"Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé ìwọ nìkan lo lọ́wọ́ ni?"

"Ó lé ní ogún orílẹ̀-èdè tó ṣèlérí pé àwọn á tẹ̀ lé wa. Ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjú sí àwọn alágbára ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n ń retí mi." Ó fọwọ́ bojú. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún Aláṣọ Dúdú?"

Mo mọ Aláṣọ Dúdú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni, ó ti jẹun nílé ìdáná yìí rí. Àtìgbà tí wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù sí ìlú rẹ̀ ni kò ti wọ aṣọ mìíràn. Ìjọba rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lanu, nítorí ọ̀tá ti dì wọ́n lọ́rùn mú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àtàwọn ọmọ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé ìwé kan níbẹ̀, omi ń tán lọ lọ́wọ́ wọn. Àràárọ̀ ni àbúrò náà ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Torí ìlú yẹn ni wọ́n ṣe kọ ìpínrọ̀ yẹn.

Ọmọ mi pe Ọ̀gá. Ohùn ọkùnrin náà jáde débi tí mo wà.

"Ó ti bọ́. Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ kàn fẹ́ fi òòlù lù ú pé a ti gbà á ni. Lọ jókòó, má gbé káàdì orúkọ wa sókè pé o fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò kọ̀wé tó sì wá ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á ní a ò mọ iṣẹ́ wa. Bí o bá lanu, má padà sí ọ́fíìsì mi."

"Mo gbọ́, sà."

Mo ní mò ń bá a lọ. Ó dákẹ́, mo sì kà á sí pé ó gbà. Mo wọ bàtà mi.

Wọ́n fi mí jókòó sókè lọ́hùn-ún níbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí. Gbọ̀ngàn ńlá, àga tó lọ salalu, ìdajì wọn ṣófo. Ọkùnrin kan ń wo bàtà títà lórí fóònù rẹ̀. Bàbá kan sùn, ó la ẹnu kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù tirẹ̀ pamọ́. Aláṣọ Dúdú nà ró lórí àga, ọmọ mi nìkan ló ń wò.

Alága ka àkọlé ìwé náà: bí a ó ṣe mú kí ìgbìmọ̀ wa lágbára sí i, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ta léti aráyé. Bí ẹni ń pe orúkọ àwọn tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ló ṣe kà á.

"Ṣé mo lè kà á sí pé ìgbìmọ̀ gbà?"

Ọmọ mi gbé káàdì sókè. Apá rẹ̀ gún gbọọrọ. Mo dìde, mo fẹ́ ké pé, "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ò rí i ni?" Ẹ̀ṣọ́ kan ti di èjìká mi mú. Alága rí i. Mo búra, ó rí i. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Òòlù balẹ̀: gbà!

"A ti gbà á. Mo rí i pé aṣojú kan fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí."

Àwọn kan ti ń kó báàgì wọn. Ọmọ mi fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Orílẹ̀-èdè mi kò gbà. Oorun ló gbé mi lọ, ìyẹn la ò fi kọ̀wé. Oorun mi lẹ gbọ́ lọ́sàn-án yìí, kì í ṣe ohùn wa. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó tán. Kò dárúkọ apẹ̀rẹ̀. Kò dárúkọ ìyá. Ì bá sàn kó bú mi.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Aláṣọ Dúdú bá wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, ẹnu tí kì í dákẹ́ yìí.

"Ọmọ mi, èmi ni, kì í ṣe òun. Èmi ni mo gbé fóònù pamọ́ kó lè sinmi. Òmùgọ̀ àgbà ni mí."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún mi ní òun ò lọ. Mo há sáàárín òkè àti ilẹ̀, ìdí mi yọ sẹ́yìn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, àwọn méjèèjì ló gbé mi sórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fóònù ọmọ mi ń dún nínú báàgì. Ó wò ó, orúkọ Ọ̀gá ni. Ó fi í sílẹ̀ kó máa dún.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?" ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Aláṣọ Dúdú tẹ́ fóònù tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó kọjú rẹ̀ sókè. "Àtìjẹta ni kò ti fi ohùn ránṣẹ́."

Ó yíjú sí mi. Kò bínú. Ó bi mí bí ọmọ ṣe ń bi àgbà léèrè ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa. Bí ẹnì kan bá dákẹ́, kí ni ká kà á sí?"