Iṣu Sísun Lórí Ṣọ́bìrì

Ojú irin náà gba ojú sánmà kọjá. Kò sí òpó tó gbé e ró, kò sí afárá lábẹ́ rẹ̀, irin méjì péré ni, tí ìkùukùu ń rọra gba abẹ́ wọn lọ. Tinúadé dúró lórí pèpéle stéṣọ̀n pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ibi tó wà. Ọ̀fà ni. Ó ń wo òrùlé páànù ilé bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, ó tilẹ̀ rí aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá sórí okùn. Àwọn ẹyẹ idẹ ń fò kọjá létí rẹ̀, oru omi ń yọ nímú wọn. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù rárá, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló dá àwọn ẹyẹ náà nínú ìwé.

Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni ìdákẹ́jẹ́. Nínú ìwé rẹ̀, stéṣọ̀n yìí kì í sinmi ariwo: fèrè ń dún, irin ń ha irin, àwọn èrò ń pariwo orúkọ ara wọn. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin ńlá kan yọ láàrin ìkùukùu, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì dún rárá. Ó dúró níwájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yọrí níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó wọ kaakí rélùwéè rẹ̀ tó ti ṣá, ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

Láwọyin, bàbá rẹ̀ yìí, ti kú láti ìgbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún tó kọjá. Tinúadé mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú àlá náà, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ nígbà mìíràn pé àlá ni òun ń lá, tí kò sì ní fẹ́ jí.

Kí a tó débi ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Tinúadé jẹ́. Ìwé ìtàn ló ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́, ìtàn ayé kan tí kò sí epo bẹntiróòlù, tí kò sí iná mànàmáná, tó jẹ́ pé oru omi gbígbóná ló ń gbé gbogbo nǹkan rìn, látorí ọkọ̀ tó ń fò dórí ọlọ tó ń lọ ata. Àwọn ọmọ ilé ìwé girama a máa ja ìwé náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bó bá sì fẹ́ kọ̀wé, ó ní àṣà kan tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé orí rẹ̀ dàrú. Láfẹ̀mọ́júmọ́ ni yóò gbé kẹ́túlù kaná nínú yàrá ẹ̀yìn, kì í ṣe fún tíì, nítorí kì í mu tíì. Ìgbà tí omi bá hó, tí oru bá ń ti ọmọrí sókè tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó ń wá. Bí kẹ́túlù bá gbẹ, yóò tún bu omi sí i. Bàbá rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo Ọ̀fà, ilé òun nìkan ni wọ́n ti ń ra gáàsì láti fi se ariwo.

Ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí gan-an ni orísun gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá ṣe nígbà èwe rẹ̀, òun ló ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fi oru omi rìn. Ìtàn rẹ̀ ni Tinúadé fi sùn nígbà kékeré. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ́ńjìnnì nígbà náà kì í jẹun ọlọ́jà. Orí ṣọ́bìrì ni wọ́n ti ń sun iṣu. Wọ́n á fọ ṣọ́bìrì mọ́, wọ́n á tẹ́ iṣu lé e, wọ́n á tì í sẹ́nu iná, kí ọkọ̀ tó dé stéṣọ̀n kejì, iṣu ti jinná. Bàbá kò fi àṣà náà sílẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ṣọ́bìrì kan lẹ́yìnkùlé tí kò fi kan iyẹ̀pẹ̀ rí.

Nígbà tí Tinúadé wá ń kọ ìwé kẹta, Bàbá a máa sun iṣu, a máa ha á títí yóò fi funfun, a máa bu epo sí ẹ̀gbẹ́ àwo, a sì máa gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, yóò sì fi oríkì Tinúadé pè é.

"Àwẹ̀ró, jẹun ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, nípa ìrìn àjò tí a rìn kẹ́yìn. Yóò wúlò fún ìwé rẹ."

"Ẹ gbé e síbẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n parí orí yìí ná."

"Ó dáa. Ìgbà tó o bá ráyè."

Orí kan ń parí, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu ń tutù, ó ń le, adìyẹ ló ń jẹ ẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá gbé àwo sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Tinúadé kò mọ̀. Ó wà nídìí kẹ́túlù, ó ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ ojú irin.

Láti ọjọ́ náà ni ìwé ti dúró. Ajíbíkẹ́, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ń wá bàbá rẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin gbé lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń béèrè ibi tí bàbá náà wọlẹ̀ sí. Olóòtú pè títí ó fi sú u. Kẹ́túlù ń hó, ọ̀rọ̀ kò wá. Ó dá Tinúadé lójú pé ohun tí Bàbá fẹ́ sọ fún òun ni ìdáhùn, àti pé bí òun kò bá gbọ́ ọ, ìwé náà kò ní í parí láéláé. Ká má parọ́, ìwé kọ́ ló ń dùn ún jù. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

Ìdí nìyí tó fi sún mọ́ ọkọ̀ yẹn nígbà tó rí Bàbá nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí pèpéle.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá."

"Àwẹ̀ró. O ti rù. Ṣé o ti jẹun?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ṣí ojú iná ẹ́ńjìnnì, ìmọ́lẹ̀ pupa bò ó lójú, ó sì ti ṣọ́bìrì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú iṣu lórí. Ó ń yí i, ó ń fọwọ́ kàn án, ó ń fẹnu fẹ́ ìka. Nígbà tó yọ ọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fi ọ̀bẹ ha èèpo tó jó kúrò, ìró ọ̀bẹ náà nìkan ni a sì ń gbọ́ ní gbogbo ojú sánmà. Òórùn iṣu náà gba inú Tinúadé lọ títí dé ibi tí ẹkún wà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yẹn. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá." Ó gbé iṣu náà sínú àwo, ó bu díẹ̀, ó tì í bọ epo ẹ̀gbẹ́ àwo náà, ó nà án sí i. "Jẹun ná, ká tó sọ̀rọ̀."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láti ìgbà tí Tinúadé ti wà ní kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ láràárọ̀ tó ń béèrè pé, "Ta ló jẹun lójú àlá?" Ẹni tó bá jẹ́wọ́ yóò mu epo pupa, yóò gbààwẹ̀, yóò sì gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Tó bá wá jẹ́ ọwọ́ òkú ni oúnjẹ náà ti wá, a jẹ́ pé òkú ń mú ẹni náà mọ́ra láti bá a rìn lọ. Tinúadé kàwé dé yunifásítì, ó kọ ìwé méjì, ó dá ẹyẹ idẹ. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́ kí n máa gbọ́, Bàbá. N ó jẹ ẹ́ tó bá yá."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà wo ni mo sọ̀tàn fún ẹni tí ebi ń pa rí?"

"Bàbá, mi ò lè jẹ ẹ́."

"Kò jinná ni?"

"Ó jinná."

"Àbí epo ni kò tó?"

"Ó tó, Bàbá."

Epo kán sórí pèpéle. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ tó nà, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó dá iṣu náà padà sínú àwo, ó fi àwo mìíràn dé e.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ìgbà tó o bá ráyè."

Ọkọ̀ náà mira, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tinúadé sáré tẹ̀ lé e títí pèpéle fi tán. "Mo ráyè! Bàbá, mo ráyè báyìí! Ẹ gbé e wá, n ó jẹ ẹ́!" Ohùn rẹ̀ kò jáde. Ìkùukùu bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ojú irin sì ṣófo.

Ó jí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ọyẹ́ ti gbẹ ètè rẹ̀, ìrọ̀rí ti tutù fún omijé. Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó nílẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Tinúadé jókòó tì í, ó rọ́ àlá náà fún un bó ṣe rí. Bí ó ti dé ibi tí Bàbá na iṣu, ọwọ́ Màámi dúró.

"O jẹ ẹ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́, Màámi."

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o!" Màámi ti wà lórí eékún, ó ń fi orí kanlẹ̀, ẹ̀gúsí ń dà nù lára rẹ̀. "O ṣeun, ìwọ Ọba tó ń pa ọmọ mọ́! Láwọyin, sùn un re o, má wá ọmọ mi wá mọ́!" Ó gbá Tinúadé mọ́ra. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ọmọ náà ń sunkún.

"Kí lò ń sunkún sí? Ṣebí o ti ṣẹ́gun?"

"Màámi, kí ni Bàbá fẹ́ sọ fún mi? Ẹ̀yin náà bá a gbé. Ó ní láti jẹ́ pé ó sọ ọ́ fún yín."

Màámi jókòó padà. Ó kó ẹ̀gúsí tó dànù jọ díẹ̀díẹ̀.

"Mo bi í," ló wí. "Ó tó ìgbà mélòó kan tí mo bi í. Bó bá ti sun iṣu yẹn tán tó ń gbé e lọ, màá ní kó sọ ọ́ fún mi, kí n lè bá a sọ ọ́ fún ẹ. Kò gbà. Ó ní ìwọ ni òun ń tọ́jú rẹ̀ fún, pé bí òun bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, adùn rẹ̀ á ti lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Tinúadé mú ẹ̀gúsí kan nínú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ ìtàn náà mọ́.