Àṣẹ́kù Òróró

Ròdíyátù fa híjáàbù rẹ̀ síwájú dé ìpéǹpéjú, ó fi Háúsá sọ fún awakọ̀ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wọ̀, pé kó má sún mọ́ kẹ̀kẹ́ iwájú jù, kó má sì jẹ́ kó sọnù mọ́ àwọn lójú. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni ti iwájú. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè mẹ́jọ ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, méjì nínú wọn sì ti ọ̀dọ̀ Ròdíyátù wá. Awakọ̀ ń wò ó nínú dígí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó rò pé ọkọ ni obìnrin yìí ń ṣọ́. Kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Sànúsí, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ akẹ́rù náà, ti sọ fún un rí pé Bompai ni òun ti ń ṣe ọṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Bompai, kò yà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ àjàgbé kọjá, ó forí lé ọ̀nà Yankaba. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó ti tó ọdún kan tí ó ti ń ta àṣẹ́kù òróró fún ọkùnrin yìí. Iṣu àti ọ̀dùnkún ni Ròdíyátù ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ France Road, kì í sì í fi òróró kan dín nǹkan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohun tí àwọn oníbàárà fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kí Sànúsí tó dé, inú gọ́tà ni òun àti Susanna, aládùúgbò rẹ̀ tó ń dín àwárà ẹ̀wà sóyà, máa ń da èyí tí wọ́n bá lò tán sí. Á dì mọ́ ìdọ̀tí, gọ́tà á dí, bí òjò bá sì rọ̀, omi dúdú á wọ inú ìsọ̀. Sànúsí ló wá sọ pé ohun tí wọ́n ń dà nù yẹn ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ròdíyátù débi pé ó ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nǹkan yí padà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà ti sọ fún Tàófíìkì, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé bí kò bá ṣọ́ra, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Láti ọjọ́ náà ni Tàófíìkì kò ti jẹun níta mọ́. Ó fi mínírà sílẹ̀, ó fi súyà sílẹ̀. Bí ó bá ti kírun Sùbúù tán, ó ń fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká. Oúnjẹ ọwọ́ Ròdíyátù nìkan ló ń jẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò, ńṣe ni ọ̀rá rẹ̀ lé sí i.

Ọkọ ni Ròdíyátù kọ́kọ́ fura sí. Ó ń fi ọgbọ́n gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bí ó bá wọlé. Ó yẹ àpò aṣọ rẹ̀ wò. Ó rán Ràhmátù ọmọ wọn lọ sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án kan ṣoṣo, ọmọ náà sì padà wá fi Háúsá sọ pé omi nìkan ni Bàbá ń mu. Lẹ́yìn èyí ni Susanna wá bi í pé ta ló máa fi òróró ìdọ̀tí ṣe ọṣẹ. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ títí tí á fi mọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike tuntun, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn, ó di ọjà.

Òróró inú ike ni Ròdíyátù ń rà. Àbí àṣẹ́kù ọwọ́ ara rẹ̀ ló tún ń padà wá bá a, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó sọ fún Tàófíìkì láàárọ̀ yìí pé òun á tọ ọkùnrin náà lẹ́yìn dé ibi tó ń lọ. Tàófíìkì ní kó rọra ṣe o.

Ní Yankaba, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù náà yà sínú agbo ilé kan tó ní géètì páànù. Ròdíyátù sọ̀ kalẹ̀, ó yọjú. Ó rí wọn lórí ògiri: ike funfun, ó tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n dojú wọn dé nínú oòrùn kí wọ́n lè gbẹ. Ó fa fóònù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò wọn.

“Hajiya, sannu da zuwa.”

Sànúsí ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kí i káàbọ̀, ṣùgbọ́n fóònù ló ń wò. Ròdíyátù ní ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá ni òun wá kí ládùúgbò. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹnì kan ló rán an. Ròdíyátù rí i pé irọ́ náà kò dúró, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ọṣẹ náà ni.

Sànúsí mú un wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń fi wáyà gé ọṣẹ lórí tábìlì. Ọṣẹ olómi wà nínú dúrọ́ọ̀mù kan. Òun ni wọ́n ń rọ sínú àwọn ike náà. Sànúsí ní owó ilé ló lé àwọn kúrò ní Bompai láti Ramadan tó kọjá. Ròdíyátù fi ìka kan ọṣẹ náà, ó bomi sí i, ó hó dáadáa. Síbẹ̀ kò gbà. Ó ní òun fẹ́ yàgbẹ́, ó gba ibẹ̀ yẹ gbogbo ẹ̀yìn ilé wò dé inú sálángá. Kò rí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike, kò rí òróró kankan tí wọ́n fọ̀ mọ́.

Nígbà tó padà, Sànúsí ti gbé abọ́ funfun méjì kalẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ó ti wá, òun náà ní ọ̀rọ̀ kan tí òun ti ń fẹ́ bi í, ojú ló ń ti òun. Ó rọ òróró Susanna sínú abọ́ kan; ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó rọ ti Ròdíyátù sínú èkejì. Ó dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò.

“Ẹ sọ fún mi pé ẹ kì í fi dín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ,” ni Sànúsí wí. “Èyí ti jóná tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Oṣù kẹta rèé tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní tẹlòmíràn ni ẹ ń pò mọ́ ọn.”

Ròdíyátù ti lanu láti bínú. Sànúsí fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ro abọ́ náà, egungun ẹja kékeré kan léfòó, àlùbọ́sà tó ti jóná tẹ̀ lé e. Kò sí àlùbọ́sà nínú iṣu díndín. Kò ta ẹja rí ní France Road.

Ó jókòó.

Láti ìgbà tí Tàófíìkì ti ń jẹun nílé nìkan, ilé ń mu òróró bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi. Èyí tí wọ́n bá ti fi dín iṣu lẹ́ẹ̀mejì, kò lè fi dín nǹkan fún oníbàárà mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mọ́ díẹ̀, ó sì ń ṣe é láàánú láti fi ṣe ọṣẹ. Ó ń gbé e lọ sílé. Òun ló fi ń dín ẹja Tàófíìkì, òun ló fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á padà sínú ìkòkò, wọ́n á tún fi dín ẹyin lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tó bá dúdú kọjá ohun tí ojú lè gbà ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì Sànúsí. Níbi iṣẹ́, ó ń ka iye ìgbà tó fi òróró dín nǹkan. Nílé, kò kà á.

Sànúsí ń bi í bóyá kí wọ́n bu omi wá fún un. Ó mi orí pé rárá.

Nígbà tó délé, Ràhmátù ti gbé páànù kaná fún oúnjẹ ọ̀sán bàbá rẹ̀. Òróró náà ti ń rú èéfín, ẹja sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ròdíyátù pa gáàsì.

“Mama, ai ke kika ce in soya,” ni Ràhmátù wí, pé ìyá òun kúkú ló ní kí òun dín in.

Ròdíyátù gba ẹja náà, ó da ata lílọ̀ àti omi sínú ìkòkò mìíràn, ó sè é bẹ́ẹ̀ láìkan òróró.

Tàófíìkì ti mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó dúró títí Ràhmátù fi jáde.

“Ṣé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́?” ló béèrè.

Ròdíyátù gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó lè sọ pé ọṣẹ ni ọkùnrin náà ń ṣe lóòótọ́, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò yẹ ilé ìdáná rẹ̀ wò. Tàófíìkì fọ ọwọ́, ó ṣe Bisimiláì, ó bu òkèlè ẹ̀bà, ó na ọwọ́ sí ọbẹ̀. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, ó ń retí èsì. Kò wo inú abọ́ náà rárá. Ròdíyátù wá rí i pé láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí òun ti ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, òun kò rí i kó wo inú abọ́ rí.

Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bàbá Ràhmátù,” ó ní, “kì í ṣe ọkùnrin yẹn.”