Ọjọ́ Àáró Rájí

Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí òjò ọdún 1983 ni àáró kan Rájí. Títí di àṣáálẹ́ ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, kò tíì mọ oko tí yóò kó àwọn ènìyàn lọ.

Ọkùnrin méje ni wọ́n nínú àáró náà, Rájí ni ìkeje. Ìwó ni ilé wọn, ọ̀nà Kuta ni oko wọn. Bí gbogbo wọn bá ṣe oko ẹnìkan lónìí, wọn á ṣe ti ẹlòmíràn nígbà mìíràn, títí yóò fi kárí. Ọjọ́ kan péré ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Tí ti Rájí bá ti kọjá, kí ó tó tún yí kàn án, òjò á ti lọ pátápátá, ilẹ̀ á ti le koránkorán, ọkọ́ ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun méjì ló sì ń dẹ́rù bà á. Èkíní ni iṣu. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ ti gé èèbù, agbọ̀n mẹ́ta, ó ti fi eérú pa á lójú, ebè tí wọn yóò gbìn ín sí ni kò sí. Tí èèbù yẹn bá pẹ́ nílẹ̀, yóò rà, kò sì ní sí iṣu tí wọn yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Èkejì ni kòkó. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, iná ìgbẹ́ ti ìhà Ilé-Ogbó wá, ó jó púpọ̀ nínú kòkó rẹ̀. Rájí wà níbẹ̀. Ó já ewé, ó ń fi lu iná, iná ń rẹ́rìn-ín sí i. Ariwo èso kòkó tó ń bẹ́ nínú iná ò tíì kúrò ní etí rẹ̀. Díẹ̀ ló kù, ní ẹ̀gbẹ́ odò. Tí wọ́n bá lè ro ọ̀nà fífẹ̀ yí ìyókù yẹn ká, kí wọ́n gbá koríko rẹ̀ kúrò tónítóní kí ọyẹ́ tó dé, bóyá iná ò ní rí ibi gbà wọlé. Bóyá.

"Bàbá Ṣẹ̀fíátù, èwo lẹ wá mú?" Hàbíbátù bi í léèrè nídìí ààrò.

"Méjèèjì."

"Ọjọ́ kan ni wọ́n fún yín o."

"Mo mọ̀."

"Iṣẹ́ ebè yẹn nìkan, tí wọn ò bá ṣe é dé àlàásárì, kò ní tán. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti kòkó. Ẹ mú ọ̀kan, kí n mọ ibi tí mo máa gbé oúnjẹ lọ."

Rájí wo ìta bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. "Màá sọ fún ẹ," ló wí, ó sì fi fìlà sórí, ó jáde.

Nígbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ni ó pàdé Oyèlẹ́yẹ, àgbà nínú wọn. Oyèlẹ́yẹ ní, "Rájí, níbo la ń lọ lọ́la?" Èèbù ló wà lọ́kàn Rájí ní àsìkò yẹn, nítorí òórùn eérú ṣì wà ní imú rẹ̀. Ó ní, "Oko iṣu ni, ẹ̀gbọ́n." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, Àyàndìran tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ó ń gba àdá rẹ̀ tí wọ́n pọ́n. Iná alágbẹ̀dẹ ń jó wẹ̀ẹ̀. Rájí wo iná yẹn. Nígbà tí Àyàndìran bi í pé níbo, ẹnu rẹ̀ ló dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tó là á: "Oko kòkó. Létí odò."

Ó rò pé òun á padà lọ bá Oyèlẹ́yẹ. Lẹ́yìn náà ó rò pé rárá, Àyàndìran ni kí òun padà lọ bá. Kò lọ bá ẹnìkankan. Ó sùn.

Ní àárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, ó gbé ọkọ́, ó gba oko iṣu lọ. Oyèlẹ́yẹ àti àwọn méjì mìíràn ti jókòó sábẹ́ igi. Ọkọ́ wọn wà nílẹ̀. Nínú àáró tiwọn, kò sí ẹni tó ń fi ọkọ́ kan ilẹ̀ títí olóko fúnra rẹ̀ yóò fi kọ ebè àkọ́kọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe bá a, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀.

"Àwọn Àyàndìran dà?" ni Oyèlẹ́yẹ wí.

"Wọ́n ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀ ni, àbí ibòmíràn?"

Rájí bọ́ sójú oko. Ó gbé ọkọ́ sókè. Bí ó ṣe gbé e sókè ni ó rántí pé, tí òun bá kọ ebè yìí, àwọn tó wà létí odò ti ṣòfò nìyẹn. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀." Ó sáré.

Ọ̀nà jìn. Nígbà tó dé oko kòkó, òógùn ti bò ó. Àyàndìran na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń jẹ obì, àwọn méjì tó kù ń fi àdá ha ilẹ̀ ṣeré.

"Olóko dé!" ni Àyàndìran pariwo. "A ti rò pé ìyàwó ẹ ò jẹ́ kí o dìde. Wá ṣá koríko àkọ́kọ́, kí a bẹ̀rẹ̀. Àwọn Oyèlẹ́yẹ ńkọ́?"

"Wọ́n... wọ́n wà ní oko iṣu."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń retí mi."

Àyàndìran wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Rájí! O fi ìyàwó kan fún ọkọ méjì!" Àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín. Rájí ò lè rẹ́rìn-ín. Ó wo kòkó, ó wo ojú ọ̀run. Oòrùn ti gòkè.

Ó tún sáré padà. Ní agbedeméjì ọ̀nà ni ó bá Hàbíbátù, ìkòkò ẹ̀wà lórí, gàrí lọ́wọ́, ó dúró sí oríta tí ọ̀nà méjèèjì ti yà.

"Ẹ ò sọ fún mi," ló wí. "Mo ti wà níbí látàárọ̀. Ìkòkò kan ni mo sè o, Bàbá Ṣẹ̀fíátù. Mi ò lè là á sí méjì."

Ibẹ̀ náà ni Oyèlẹ́yẹ bá wọn. Ìdúró ti sú u, ó ti kó àwọn tirẹ̀ bọ̀. Kò pẹ́ tí Àyàndìran náà fi dé pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, nítorí òórùn ẹ̀wà, bó ṣe sọ. Gbogbo wọn pé sí oríta, kò sí ẹni tó tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Rájí dọ̀bálẹ̀ fún Oyèlẹ́yẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta lọ sí ibí, kí mẹ́ta lọ sí ọ̀hún. Èmi á máa sáré láàárín."

"Dìde," ni Oyèlẹ́yẹ wí. "Ọ̀nà tí kò yí oko ká tán, ṣé iná ò ní gba ibi tó kù wọlé ni? Àti pé ebè ìlàjì, ìlàjì èèbù lo máa gbìn. Oòrùn sì ti gba àárọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyókù ọjọ́ yìí, ohun kan ló lè ṣe. Sọ ọ́."

"Tí mo bá mú kòkó, kí ni a máa jẹ?"

"Èmi ò mọ̀."

"Tí mo bá wá mú iṣu, tí iná dé ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin náà ò wá mọ nǹkankan!"

"Bó o bá mú èyí, ìyẹn lo fi san owó rẹ̀," ni Àyàndìran wí, ẹ̀wà ti kún ẹnu rẹ̀. "Kò sí èyí tí wọ́n máa ta fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bó o ṣe dúró síbí yìí, o ti ń san méjèèjì."

Rájí wo Hàbíbátù. Ó fẹ́ kí obìnrin náà mú un fún òun. Hàbíbátù ń bu gàrí.

"Iṣu, èmi lè fi ọwọ́ mi wá nǹkan mìíràn tí a máa jẹ," ló wí, kò gbójú sókè. "Mi ò lè fi ọwọ́ mi wá kòkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

"Kòkó," ni Rájí wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Oyèlẹ́yẹ ní kó tún un wí.

Wọ́n lọ. Rájí ló ṣá koríko àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe é tọkàntara, wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀lẹ, wọ́n ń dá àpárá nípa ìyàwó kan tí Rájí fún ọkọ méjì. Nígbà tí wọ́n kírun àlàásárì tán, ó ku ibi kékeré kan létí odò. Wọ́n parí ìyẹn náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà náà yí kòkó ká, ó mọ́ bí ojúde ilé.

Púpọ̀ nínú èèbù náà kò rí ilẹ̀. Rájí nìkan ló kọ ebè díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, títí ilẹ̀ fi le. Hàbíbátù gbé agbọ̀n kan fún ìyàwó Oyèlẹ́yẹ, ó fi gba gàrí. Ìyókù, ó fọ eérú ojú rẹ̀ dànù, ó ń sè é. Ó ní tó bá tán, òun á máa ra gàrí, àwọn tí wọ́n ń rà á ní ọjà Olúpọ̀nnà ò ju òun lọ.

Ọyẹ́ dé. Lójoojúmọ́, Rájí máa ń lọ dúró sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ro yẹn, á kọjú sí ìhà Ilé-Ogbó. Kò sí èéfín. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, ojú ọ̀run funfun lásán. Kòkó dúró digbí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó ń rántí ebè tí kò sí ní oko iṣu, ó sì ń wò ó pé, tí iná ò bá wá rárá, kí wá ni òun fi iṣu rà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí nǹkan kan tó dúdú lókè igbó lọ́hùn-ún. Ọkàn rẹ̀ fò sókè, ó na ọrùn, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó ń wò bóyá èéfín ni.

Agbo ẹyẹ ni. Wọ́n fò kọjá.

Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń bẹ nínú ara rẹ̀: kì í ṣe ẹ̀rù ló mú ọkàn òun fò, òun ń retí iná náà ni. "Àsitàfúrúláì," ló wí láti tọrọ àforíjì Ọlọ́run, ó tún un wí, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò lójú ọ̀nà náà bí ẹni pé kòkó ti gbọ́ ọ.